Ìwé Tó Sáré Ju Ọkàn Lọ

Òórùn láfún tí wọ́n sá sẹ́bàá títì, tí ìrì òwúrọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ló máa ń gbé mi padà sí ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ayétòrò, nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa. Ọ̀rẹ́ mi, ìlú dákẹ́ nígbà yẹn bí ilé tí ọmọ ti sùn. Ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá mọ́. Èmi á kàn jókòó sí ojú fèrèsé, oorun á máa gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n gbé màmá kan wá láti Ìjoun, òòyì ń kọ́ ọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà nílé ọkọ ní Kétu, lódì kejì bọ́dà. Mo lẹ okùn ECG, ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, mọ́ ọn láyà, ìwé sì ń yọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣóńṣó kan fún lílù ọkàn kan. Ẹ̀rọ yẹn kì í sọ iye, àwa la máa ń ṣírò rẹ̀: o máa ka àpótí ńlá tí wọ́n fà sára ìwé náà láàárín ṣóńṣó méjì, o máa fi pín ọ̀ọ́dúnrún. Àpótí mẹ́jọ ni mo kà. Háà! Ọkàn tí kò lù tó ogójì ní ìṣẹ́jú kan!

Dókítà wa náà kà á, ó mí kanlẹ̀. "Ó di Abẹ́òkúta. Àwọn dókítà ibẹ̀ lè ní láti fi ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù sí Màmá láyà."

Màmá gbá ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n gbé mi jìnnà. Ìjoun nìkan lọmọ mi lè gba ọ̀nà oko yọ sí. Tí mo bá kú sọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Ẹ ò ní kú, Màmá." Àyà tèmi náà ń já, kí n má purọ́. Bí mo ṣe ń tù ú nínú ni ìka mi bọ́ sórí iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ń lù déédéé, kò sì falẹ̀ rárá. Mo rò pé àlá ni. Mo wo aago, mo kà á: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ìwé wí.

Kútọnu ni wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà, Faransé ló kún ara rẹ̀, iná kékeré kan sì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́. Màmá ti ná ọjà lọ́hùn-ún títí ó fi darúgbó, ni mo bá bi í: "Màmá, kí ni wọ́n ń pè ní *vitesse*?"

"Eré sísá ni. Ohun tí mo máa ń pariwo mọ́ àwọn ọlọ́kadà wọn nìyẹn: dín *vitesse* kù, o fẹ́ pa mí ni?"

Àṣé ẹnìkan ti ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì! Ìwé ń sáré ní ìlọ́po méjì, ó ń fa àwọn ṣóńṣó jìnnà síra. Mo dá a padà, a ya òmíràn. Àpótí mẹ́rin. Márùndínlọ́gọ́rin. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ìgbà wo lẹ jẹun gbẹ̀yìn?" Màmá jẹ́wọ́ pé òun ò jẹun dáadáa. Àárò ọmọ ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ̀ ọ́ lọ́fun. A fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu, a tọ́jú rẹ̀, ó sì padà sílé.

Wọ́n ṣí bọ́dà nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ sì wá kí wa. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ṣeun tí mo bá màmá mi nílé." Ẹkún ayọ̀ gbà á. Títí di ọjọ́ yẹn, ìṣirò lásán ni mo pe iye tí mo ń kọ sórí ìwé. Mi ò mọ̀ pé ó lè pinnu ibi tí ìyá kan máa sùn, àti bóyá ọmọ rẹ̀ máa bá a níbẹ̀.