Tọ́rọ́ Tó Bá Ènì Wá

Ọdún tí wọ́n ní kí àwọn ará Gánà kó ẹrù wọn máa lọ sílé, ọdún náà ni mo fi ń mọ ọjọ́ orí mi. Ẹni tó bá ti tó ẹgbẹ́ mi á rántí, torí ọdún yẹn ni àpò onílà tí gbogbo wa ń pè ní Gáná-mọ́s-gò gba orúkọ. Nígbà náà mo wà ní kékeré. Mo ti lè pọn korobá omi kan láìdà á sára, ṣùgbọ́n n kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ fún kí wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń gbé, ní ìdí rélùwéè ní Ọ̀fà. Bàbá Kùmásí ni gbogbo ayé ń pè é, torí ó pẹ́ ní Kùmásí kí àwọn ará ibẹ̀ tó lé àwọn èèyàn wa wálé. Àwọn ló kọ́kọ́ lé wa, àwa náà wá lé wọn. Aago ló ń tún ṣe. Bí o bá wọ yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́, wàá gbọ́ aago tó pọ̀ tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, kò sì sí méjì tó ń sọ ohun kan náà.

Bàbá Kùmásí kò mutí, kò ta tẹ́tẹ́, kò fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ ẹ́ lówó ni owó. Ó ń fi owó ra owó. Owó ẹyọ ìlú òkèèrè, tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ra iyọ̀ ní ọjà Ọ̀fà, òun ni yóò kó wálé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Nímọ̀, a máa ní, "Ọkọ ẹlòmíì ń fi owó ra iṣu. Tèmi ń fi owó ra owó. Ẹ jẹ́ ká gbé e kaná nígbà náà, bó bá jinná ká gún un."

Ọ̀dọ̀ Màláàmù Gárúbà, tó ń ra irin àlòkù, ni Bàbá ti ń rà wọ́n. Màláàmù a máa bá ọkọ̀ ojú irin wá láti Òkè Ọya. Láàárín bàbà àti idẹ tó fẹ́ tà fún àwọn tó ń yọ́ irin, àpò kan wà tí owó ẹyọ kún inú rẹ̀: èyí tí àwọn Alhaji mú bọ̀ láti Mẹ́kà, èyí tí àwọn onímàlúù mú wá láti ìlú àwọn Faransé, èyí tí ẹni tó ń lọ sílé fi sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀ bí ẹ̀wà àti àgbàdo. Agolo mílíìkì ló fi ń wọ̀n ọ́n, kò sì ní jẹ́ kí o ti ọwọ́ bọ àpò kí o máa ṣà. Ohun tí agolo bá bù ni tìrẹ.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ni Bàbá fi ń ja tirẹ̀. Bí wọ́n bá ná an tán, yóò ní, "Ènì ńkọ́?"

Màláàmù á ní, "Bàbá Kùmásí, owó lèyí, kì í ṣe gàrí. Ta ní ń bu ènì sórí owó?"

"Ìwọ lo fi agolo wọ̀n ọ́n. Ohunkóhun tá a bá ti fi agolo wọ̀n, gàrí ni."

Màláàmù á rẹ́rìn-ín, á ti ọwọ́ bọ àpò, á bu díẹ̀ sí i.

Ènì yẹn, èmi ló ni ín. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ ló ni ènì. Bó bá jẹ́ ẹ̀pà, wàá ti jẹ tìrẹ tán kí o tó délé. Àmọ́ àwọn ìyá kan wà tó jẹ́ pé bí o bá ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni wọ́n á ní ènì dà, wọ́n á sì dà á mọ́ tiwọn. Bàbá Kùmásí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń ru owó náà délé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í yí padà: "Àgbà tó bá gba ènì lọ́wọ́ ọmọ, ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ló dí yẹn."

Bá a bá délé, èmi ni n ó fọ̀ wọ́n. Nígbà àkọ́kọ́, mo bu eérú àti yanrìn, mo ha wọ́n bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, wọ́n ń dán yinrin, mo wá jókòó tì wọ́n, mò ń retí ìyìn. Bàbá wò wọ́n, ó ní mo ti bó wọn lójú. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ọwọ́ méjèèjì lókè, títí ọ̀dùnkún tí Ìyá Nímọ̀ gbé kaná fi jinná, òórùn rẹ̀ sì ń ti imú mi wọlé. Láti ọjọ́ náà, omi ọṣẹ nìkan ni, ká sì rọra fi aṣọ nù wọ́n.

N kò mọ̀wé. Ilé kéwú nìkan ni mo lọ, ìyẹn náà kò pẹ́. Àwòrán ni mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: orí àgbọ̀nrín síbí, idà méjì pẹ̀lú ọ̀pẹ sọ́hùn-ún, obìnrin tó jókòó tó di ọ̀kọ̀ mú, kọ́bọ̀ oníhò ayé àwọn òyìnbó. Òórùn wọn kì í kúrò lọ́wọ́ bọ̀rọ̀. Bí mo bá fi ọwọ́ náà jẹ ẹ̀bà, bí ẹni ń lá kọ́kọ́rọ́ ni.

Bàbá ní pátákó kan tó gbẹ́ ihò sí lára bí ọpọ́n ayò, àmọ́ ihò kọ̀ọ̀kan bá owó kan mu gẹ́lẹ́. Gbogbo oríṣi owó tó ná ní Gánà ló fẹ́ kó síbẹ̀. Gbogbo ihò ló ti rí tirẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Ihò yẹn kò rí róbótó. Etí rẹ̀ yọ síta, ó wọlé, ó tún yọ síta, bí òdòdó. Ihò tọ́rọ́ nìyẹn, tọ́rọ́ Gánà ayé ìgbà náà, tí ìràwọ̀ wà lójú rẹ̀ kan.

Ìyá Nímọ̀ ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi, níbi tá a ti ń bó ọ̀dùnkún. Ó ní ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ dé Kùmásí, ẹni tó ń lọ bá ti kó kúrò nílùú. Gáréèjì ló sùn, kò jẹun. Ọkùnrin kan tí wọn ò mọ ara wọn rí, tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, fi tọ́rọ́ kan sí i lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá fi ra kẹ́ńkẹ́ àti ẹja. Kò rí ọkùnrin náà mọ́ títí tó fi kúrò níbẹ̀. Ìyá Nímọ̀ ní, "Ó sọ fún mi pé gbogbo owó yòókù lòun ná. Ìyẹn nìkan lòun jẹ."

Lẹ́yìn tí àwọn ará Gánà ti lọ tán, Màláàmù dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àpò tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá rà, ó ja ìjà ènì, ó borí. Lọ́jọ́ náà Màláàmù da ènì sí Bàbá lọ́wọ́, Bàbá sì nawọ́ láti dà á sí etí ìró mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo gbójú sókè, mo rí i. Tọ́rọ́ náà wà láàárín wọn, ó ti dúdú, etí rẹ̀ bí òdòdó. Bàbá mú awò tó fi ń wo inú aago, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kan, ó wò ó títí. Ó yọ awò náà kúrò.

Màláàmù ní, "Ṣé kò sí nǹkan?"

Bàbá ní, "Kò sí." Ó da gbogbo rẹ̀ sínú ìró mi, ó wá ní, "Òjò máa rọ̀."

Ojú ọ̀run sì mọ́ kedere.

Mo délé, mo fi han Ìyá Nímọ̀. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ṣé ó rí i?"

"Ó rí i, mà."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òjò máa rọ̀."

Ó dìde, ó lọ bá a nídìí aago. Mo ń gbọ́ wọn. "Bàbá Nímọ̀, ṣé ẹ ò lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ yẹn ni? Ta ló máa bá yín wí?"

Bàbá ní, "Kò sẹ́ni tó máa bá mi wí. Ìdí tí n kò fi lè gbà á nìyẹn."

Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé pátákó rẹ̀ jáde nírọ̀lẹ́, ó nù ún, ó gbé e padà. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Àwa ọmọ ìdí rélùwéè ní eré kan nígbà yẹn. A máa ń gbé owó ẹyọ sórí ojú irin kí ọkọ̀ tó dé. Ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí ewé, a ó fi ìṣó lu ihò sí i, a ó so ó mọ́ ọrùn. Bí àgbà bá ká wa mọ́bẹ̀, pankẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá wa dúró. Ibẹ̀ ni ènì mi máa ń parí sí. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi Síkírá, ọmọ ilé kejì sí wa, rí tọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Èyí á là bí òdòdó. Gbé e kalẹ̀."

Mo ní, "Bàbá ń wá a."

"Ó bi ẹ́?"

"Rárá."

"Ó gbà á lọ́wọ́ ẹ?"

"Rárá."

"Kò fẹ́ ẹ nìyẹn. Ojo ló ń ṣe ẹ́, Múìná. Ọkọ̀ ń bọ̀."

Mo gbé e kalẹ̀. Irin náà gbóná lọ́wọ́. A sá sẹ́yìn. Ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, tọ́rọ́ náà sì ń gbọ̀n lórí rẹ̀. Ẹni tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe Bàbá. Ọkùnrin Kùmásí yẹn ni, ẹni tó fi owó sí àjèjì lọ́wọ́, tí kò dúró gba ìdúpẹ́. Kí n tó mọ̀, mo ti sáré dé ibẹ̀, mo gbá a kúrò. Síkírá pariwo orúkọ mi. Ọkọ̀ ṣì jìnnà, ṣùgbọ́n kò jìnnà tó bí mo ṣe rò. Títí a fi délé ni Síkírá ń pè mí ní ọ̀dẹ̀.

Bàbá ti ṣí ikùn aago kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀ nígbà tí mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì na tọ́rọ́ náà sí i.

Ó ní, "Kí nìyí?" bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ènì mi ni, sà."

"N kì í gba ènì lọ́wọ́ ọmọ."

"Ẹ rà á nígbà náà."

Ẹ̀rín pa á. "Èló?"

Bàtà Iléyá wà ní ọkàn mi. Wíwọ ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin náà wà níbẹ̀, torí gbogbo bí mo ṣe ń gbé ìdí rélùwéè, n kò wọ̀ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n owó náà ti wá wu èmi náà. Mo ní, "Kó jẹ́ tèmi, kó máa gbé inú ihò yín."

Bàbá wò mí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ ta òṣùpá láìgbé e kúrò lójú ọ̀run." Ó sì gbà. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ sínú ihò náà. Ó wọlé gẹ́lẹ́.

Láti ìgbà náà, bí àlejò bá dé, Bàbá á máa nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kan tọ́rọ́, á ní, "Ti Múìná nìyí. Mo ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni." Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí wọ́n fagi lé ìbò ni Bàbá kú. Mo ti wà nílé ọkọ ní Ìjàgbò, mo ti bímọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ pín ogún, ọ̀kan gbé pátákó náà lọ sí Kàdúná. Nímọ̀, àkọ́bí rẹ̀, gun ọ̀kadà wá bá mi, ó mú tọ́rọ́ náà jáde nínú páálí aago kan, òwú ni wọ́n fi wé e. Ó ní, "Bàbá ti sọ fún wa pé kò sí lára ogún." Ihò yẹn ṣófo ni wọ́n gbé pátákó lọ.

Láyé ìsinsìnyí, inú ọ̀rá tí wọ́n ti dì pa ni gàrí wà. Ta ló ń bu ènì? Ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí kò fi owó ẹyọ ra nǹkan rí. Ó yí tọ́rọ́ náà sọ́tùn-ún sósì, ó bi mí bóyá ìdérí ìgò ni. Ọkọ̀ ojú irin gan-an, ó di ìgbà tó bá wù ú kó tó kọjá.

Nígbà tí àwọn ọmọ tèmi tó ẹni tí mò ń rán lọ́jà, mo fi tọ́rọ́ yìí hàn wọ́n. Mo ní ènì yòówù tí wọ́n bá gbà, n kò ní béèrè rẹ̀. Mo tún ní, ẹ ó pàdé ọ̀pọ̀ èèyàn tí ojú á tì láti gba nǹkan yín níṣojú ayé. Ìyẹn kò tíì tó nǹkan. Ẹni tí nǹkan yín wù dé ọ̀nà ọ̀fun, tí kò sẹ́ni tó máa bá a wí bó bá mú un, tó wá wo ojú ọ̀run tó ní òjò máa rọ̀, ẹni yẹn ni kí ẹ kó tiyín fún kó bá yín tọ́jú.