Orúkọ Tí A Wá fún Àwọn Tó Ń Sùn Síta ní Laranto

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú débi pé epo pupa dì nínú ìgò, ọmọ-ọmọ mi obìnrin já wọ ilé ìdáná mi ní Tudun Wada, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó ní, "Kaka, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Yorùbá ń pe àwọn tí kò nílé, tí wọ́n kàn ń rìn káàkiri?"

Kaka ni ó ń pè mí, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà. Jos ni wọ́n bí i sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Èmi tí mo tẹ̀lé ọkọ mi wá láti Èkìtì nígbà tí ìjọba gbé e wá síbí láti máa kọ́ ọmọ níwèé, ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sọ ìkòkò kalẹ̀ kúrò lórí iná. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni mo ń sọ ìkòkò kalẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀.

Ohun tó fa ìbéèrè náà ni pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti pinnu láti ṣí gbọ̀ngán ẹ̀yìn sílẹ̀ fún àwọn tó ń sùn síta ní Laranto, kí òtútù má baà pa wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ yóò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọn yóò máa kéde ní Hausa, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá. Ti Hausa ti wà nílẹ̀: masu yawo, àwọn tó ń rìn kiri. Ti Yorùbá ni wọ́n fi lé ọmọ mi lọ́wọ́.

Mo sì mọ ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. Obìnrin kan wà ní Laranto, bóyá ẹgbẹ́ mi ni, tó máa ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì pa. Kì í tọrọ nǹkan. Láàárọ̀, yóò gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlòmíì, wọn yóò fún un lóúnjẹ, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò gbéra. Mo ti gbọ́ ọ rí tó ń fi Yorùbá bá ewúrẹ́ kan wí. Lọ́sẹ̀ yẹn, ikọ́ ti wọ̀ ọ́ láyà. Ẹni tó bá fi irú ikọ́ yẹn sùn síta nínú ọyẹ́ Jos, kò dájú pé yóò fojú kan òjò tó ń bọ̀.

"Ṣé alárìnkiri ni?" Ọmọ mi ló bi mí.

Ọ̀rẹ́ mi ará Ìjẹ̀ṣà, tó jókòó tì mí tó ń bá mi bó ẹ̀wà àkàrà, rẹ́rìn-ín. "Alárìnkiri? Ọkọ mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó sì nílé tó ju ẹyọ kan lọ."

"Aláìnílé ńkọ́?"

Mo ní, "Pe ẹnì kan bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀, kí o wo ohun tó máa sọ lù ẹ́. Ìgbà ìjà ni wọ́n ń sọ ọ́."

A tún mú ìsáǹsá. Ẹni tó ń sá fún nǹkan ni ìsáǹsá, ta ló sì mọ̀ bóyá obìnrin yìí sá fún ẹnikẹ́ni? A mú alágbe, ṣùgbọ́n kì í ṣagbe. A gbé ọ̀rọ̀ síwá, a gbé e sẹ́yìn, ọwọ́ wa wà nínú omi ẹ̀wà, ara mi sì yá gágá. Kò sí ẹni tó ti bi mí nípa ọ̀rọ̀ báyìí láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú.

Ọ̀rẹ́ mi ló parí ọ̀rọ̀. Ó ní ká mú alárìnkiri, pé àkàrà kì í dúró de àwíjàre. Èmi náà gbà.

Kẹ̀kẹ́ gbéra ní ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìkòkò kunu, ògì jéró gbígbóná tí a fi ata ilẹ̀ sí. Ọmọ mi gbé gbohùngbohùn sẹ́nu: "Ẹ̀yin alárìnkiri, ẹ wá sùn sínú ilé, ọ̀fẹ́ ni." Àwọn tó ti gbọ́ ti Hausa ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń béèrè ọ̀nà. Obìnrin tèmi gbójú sókè. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn òun, ó di ẹrù rẹ̀, ó sọdá títì.

Ọmọ mi gbé gbohùngbohùn sílẹ̀. "Haba, Kaka. Mo ti lé e lọ."

"Kò tíì jìnnà. Sọ̀ kalẹ̀, ká fẹsẹ̀ tẹ̀ lé e."

Mo bu kunu sínú ife onídèérí. N kì í sáré, orúnkún mi ò gbà, ṣùgbọ́n àyà mi ń sáré fún mi. A rí i lápá ibi tí títì ti yà. Ó ti sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń wúkọ́. Ọmọ mi fà mí láṣọ. "Kí ni kí n wá pè é báyìí?" Kí n tó la ẹnu, obìnrin náà ti gbé ẹrù ru, ó kọjú sí wa, ó ń bọ̀, bí ẹni tó fẹ́ padà síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń sùn sí.

Ohun kan wà tí mo ti fi kọ́ ọmọ yìí kó tó gbọ́ Hausa rárá. Ohun yòówù kí èèyàn máa ṣe, Yorùbá ní bí a ṣe ń kí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ń ti ọ̀nà bọ̀, ẹ kú ìrìn. O ò sì gbọdọ̀ kọjá lára àgbà láìkí i. Orúnkún ọmọ náà rántí kí orí rẹ̀ tó rántí. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku tòun ti ṣòkòtò jíǹsì.

"Ẹ kú ìrìn, mà."

Obìnrin náà dúró. Ó wò ó, ó wò mí, ó wo ife. Ó ní, "Ẹ kú ulé o."

Ulé ni àwa Èkìtì ń pe ilé. Gbogbo irun ara mi dìde. Ẹni tó ti ọ̀nà dé ló ń kí àwọn tó bá nílé bẹ́ẹ̀, èsì rẹ̀ ò sì ju ọ̀kan lọ. N ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé ọ̀nà dáa?"

"Ó dáa. Ó jìn ni." Ó tún wúkọ́. "Mo ti kí yín kú ulé. Ulé ọ̀hún dà? Orí títì lẹ wà."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ó wà níwájú níbẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ n bá yín ru ẹrù."

"Tóo bá já a, wàá gbọ́ tèmi."

Nígbà tí a dé gbọ̀ngán, ó gbá ẹ̀gbẹ́ ògiri tó yàn kó tó tẹ́ ẹní. Ó da kúbùsù bora, ó tọ́ kunu wò. Ó ní, "Ta ló ro eléyìí? Omi lẹ bù fún mi." Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́," ó sì mu ún tán. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà rẹ̀, ó fún un lóògùn. Ó sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi yọ alárìnkiri kúrò nínú ìkéde rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń kọjá lọ: "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́nà. Ilé ti ṣí, iná wà, kunu ti jinná. Ẹ máa bọ̀." Mo ń jó díẹ̀díẹ̀ nídìí ààrò.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Kí wá ni orúkọ wọn ní Yorùbá?"

"Ẹ kú ìrìn."

"Ìyẹn kì í ṣorúkọ."

"Àwọn tó ń dáhùn ò rojọ́."

Ó ṣì máa ń rìn lójúmọ́, obìnrin náà. Láàárọ̀ yóò gbá iwájú gbọ̀ngán, yóò gbé ẹrù, a ó sì ní ó dàbọ̀. Ikọ́ ti fúyẹ́. Ní báyìí, mo máa ń ro kunu kó ki nítorí ẹnu rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí atẹ́gùn ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn, etí mi á ti wà lóde láti ìdí ìkòkò mi ní gbọ̀ngán. Màá gbọ́ tí ẹrù balẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ulé o."

N kì í gbójú sókè kí n tó dá a lóhùn.