Àpáta Tó Pọn Ọmọ

Bàbá mi ta páàtì mọ́tò ní New Bell, nílẹ̀ àjò níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, títí irun rẹ̀ fi funfun. Gbogbo ìgbà tó bá lọ ra ọjà ní àwọn ìlú òkè, láti inú bọ́ọ̀sì ló ti máa ń rí àpáta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kan, tó dà bí ìyá tó pọn ọmọ. Á ní lọ́jọ́ kan òun á gun òkè náà, òun á lọ wò ó dáadáa. Ọjọ́ kan ọ̀hún kò dé. Nígbà tí dókítà kan ní Bonanjo wá sọ pé ojú rẹ̀ ń kú lọ, pé kò sí oògùn tó lè dá a padà, ó ní ká tètè lọ kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ òun.

A wọ bọ́ọ̀sì ní Logbaba ní kùtùkùtù. Nísàlẹ̀ òkè, a gba ọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà. Ó ṣíwájú, ó ń sọ Faransé ṣáá bí ẹni tí wọ́n ń sanwó ọ̀rọ̀ fún. Bàbá ń tọ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn, èmi sì kẹ́yìn, torí nílé tiwa, ọmọ kì í ṣáájú baba lójú ọ̀nà. Òkè náà dà bí ògiri. Òkúta ń yẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Bàbá ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé àgbà ló dé, pé ojú rẹ̀ ò tíì burú tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní ṣé òun ti di ọmọ ọwọ́ ni. Inú bí mi, mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn.

A dé ibi tí wọ́n ti ń wò ó. Àpáta náà dúró gedegbe níwájú wa: ìyá, ọmọ, àní ọ̀já pàápàá. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Inú mi dùn, mo gbàgbé ìbínú mi, mo yíjú sí Bàbá. Igbó ló kọjú sí.

“Papa voit bien?” Ọkùnrin náà ń bi wá bóyá Bàbá ń rí i dáadáa.

Bàbá gbọ́ Faransé jù mí lọ, ṣùgbọ́n èmi ló dá lóhùn. “Sọ fún un pé kùrukùru ò jẹ́.”

Kí ni kí n ṣe? Èmi kọ́ ni màá pe bàbá mi ní onírọ́. Bó bá sì jẹ́ pé kì í ṣe irọ́ ńkọ́, bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló gbà pé kùrukùru ni? Ẹ̀rù ìyẹn gan-an ló bà mí jù.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,” ni mo wí. “Ó ti bò ó.”

Ó fọwọ́ wá òkúta kan, ó jókòó. “Jẹ́ ká dúró díẹ̀. Ó máa tó ká kúrò.”

Mo jókòó tì í. Oòrùn ń jó wa lórí.