Ìpẹtà Lára Mọ́tò Funfun Bàbá Títí

Tí ẹ bá ń wá ọkùnrin tó fẹ́ràn mọ́tò ju ara rẹ̀ lọ, ilé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àró, l'Ákùúrẹ́, ló ń gbé. Rufus Ògúnníyì lorúkọ rẹ̀, àmọ́ Bàbá Títí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Dẹ́rẹ́bà ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó máa ra Pijó tirẹ̀, ó ní àfi funfun. Kó tó fọnu láàárọ̀, á ti nu Pijó yẹn. Èmi Sherifat, ìyá télọ̀, máa ń sọ fún un pé bó bá ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀ báyẹn ni, Agnes ì bá ti padà di ọmọge. Ẹ̀rín ló máa ń rín.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ fi mọ́tò náà ṣe. Títílayọ̀ nìkan lọmọ tó bí. Ó ti ṣèlérí fún un láti kékeré pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, mọ́tò bàbá rẹ̀ ni yóò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oǹdó, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sì wà á. Ìyàwó ọ̀gá ló ti ń gbé, ọmọ ọ̀gá ló ti ń gbé. Ó fẹ́ gbé tirẹ̀ náà.

Olè mọ́tò pọ̀ nígbà yẹn, ilé wọn ò sì ní géètì. Bàbá Títí rò ó, ó ní ibi téèyàn kì í wọ́n lolè kì í dé. Ó bá ń gbé mọ́tò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ Bọ́láwálé, wẹ́dà tó ń ṣe géètì lẹ́bàá títì. Gbogbo wa la yìn ín pé ó gbọ́n. Bọ́láwálé á máa fi ẹ̀rọ họ irin, iná á máa ta pàràpàrà, mọ́tò funfun á wà níbẹ̀. Olè ò débẹ̀ lóòótọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀, ó bá rí i: àmì wínníwínní tó pupa rẹ́súrẹ́sú lórí bónẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà téèyàn wọ́n ata gígún sí i. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Ó fi kẹrosíìnì nù ún, kò lọ. Ó ní eruku ilẹ̀ pupa ni, ó ra tapólì bò ó, àmì náà ń pọ̀ sí i lábẹ́ tapólì. Ìgbéyàwó Títí ti sún mọ́lé. Ìkanra mú un, ó wọ ilé ìdáná lọ mú kànrìnkàn onírin tí Agnes fi ń fọ ìdí ìkòkò, ó sì ha mọ́tò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó mọ́. Ó sọdá wá pè mí kí n wá wò ó. Mo rí i pé ojú ọ̀dà náà ti ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn, ta ni yóò sọ fún un?

Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mọ́tò náà ti pọ́n láti iwájú dé búùtù. Bọ́láwálé fọwọ́ pa á lára, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀rún irin mi ni, Bàbá," ló wí. "Èyí tó ń ta lára ẹ̀rọ ló wọnú ọ̀dà yín, omi wá mú un dógùn-ún. Èyí tẹ́ ẹ fi ha á, irin náà ni."

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Bàbá Títí ò bá a jà. Ká ní ó jà ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Ó kàn béèrè ohun tó kù tí wọ́n lè ṣe. Bọ́láwálé ní àfi kí wọ́n ha gbogbo ọ̀dà náà kúrò, kí wọ́n kùn ún lákọ̀tun. Sátidé tó ń bọ̀ sì ni ìgbéyàwó.

Èmi ni mo rán aṣọ ìyàwó, nítorí náà mo bá wọn lọ. Bàbá Títí ló fi Pijó náà gbé wa dé Oǹdó, bó ṣe pọ́n yẹn.

Láàárọ̀ Sátidé, àwọn ará ilé ọkọ gbé mọ́tò funfun mìíràn wá, ó ń dán, wọ́n ti so ríbọ́nì mọ́ ọn. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni wí, wọ́n kàn gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà. Títí jáde, kò wo tiwọn, ó kọjá tààrà sídìí mọ́tò bàbá rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Bàbá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Aṣọ funfun lo wọ̀, Títí. Lọ wọ tọ̀hún."

Ọmọ náà ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ó pọ́n."

Kò gbà. Ó mú un lọ sínú mọ́tò kejì. Wọ́n ní kó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó ní ta ni yóò kó kúlà oúnjẹ? Wọ́n bá kó kúlà ìrẹsì sínú Pijó náà, ó ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ojú tì í láti dúró níbi tí àwọn àlejò wà, ó lọ gbé mọ́tò náà pamọ́ sẹ́yìn ọjà kan tó jìnnà. Inú bí mi sí i, inú ṣì ń bí mi di òní. Kò tíì rìn padà dé, àlùfáà ò sì lè dúró, orin ti bẹ̀rẹ̀. Adélaní, ẹ̀gbọ́n Agnes, ló mú Títí lọ síwájú pẹpẹ, ọmọ náà sì ń wẹ̀yìn wò ní gbogbo ọ̀nà.