Bí Mo Ṣe Tọpasẹ̀ Orin Tó Bàjẹ́

Ọ̀gá akọrin wa ní Emùré ló mú orin náà wá. Orin ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó àtijọ́ ni, dùùrù ńlá ń tẹ̀ lé e, ohùn mẹ́rin sì ń lé ara wọn kiri nínú rẹ̀. Ó ní a ó kọ ọ́ lọ́jọ́ ìkórè. Ó tún ní Ọjọ́bọ̀ lòun máa dán wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá mọ tirẹ̀, kó lọ jókòó sáàárín ìjọ kó máa pàtẹ́wọ́.

Èmi gan-an ló ń bá wí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń dúró ní ìlà álítò, ṣùgbọ́n n kò mọ ìwé orin kà. Ìwé kẹta ni mo ti sá kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ máa ta epo pupa. Bí wọ́n bá gbé ìwé orin síwájú mi, èèrà tó ń lọ sóko ni mo ń rí. Etí ni mo fi ń kọ́ orin, fóònù sì ni olùkọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, Ìyá Ẹlẹ́rọ, ọ̀rẹ́ mi tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, tóun náà jẹ́ álítò, fi orin náà ránṣẹ́ sí mi. Mo ki íápíìsì bọ etí ọ̀tún bí mo ṣe máa ń ṣe. Ohun tí mo gbọ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀tá mi gbọ́ ọ. Ó ń ta bí àgbàdo nínú iná. Àwọn òyìnbó ń kọrin bí ẹni tó kó sínú dúrọ́ọ̀mù omi. Àwọn oníbásì nìkan ló wú mi lórí: wọ́n ń kùn hùùù lábẹ́, láìmí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ní, "Àwọn ọkùnrin yìí mà lẹ́mìí o!" Nígbà tó yá, ewúrẹ́ kan ké. Mo rò pé ó wà nínú orin ni. Ta ló mọ ohun tí òyìnbó ń sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì láyé ìgbà yẹn?

Mo pa fóònù, mo tún un tàn. Mo nu ojú ihò íápíìsì, epo ló jáde níbẹ̀. Kò yí padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wá bi ara mi pé, "Ìwọ elépo yìí, bí kẹ́ẹ̀gì kan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ, kí lo máa ń ṣe?" A kì í jókòó ti kẹ́ẹ̀gì ká máa sunkún. Ọwọ́ dé ọwọ́ la fi ń tọ̀ ọ́. A ó tọ́ epo ẹni tó tà á fún wa wò, a ó tọ́ ti ẹni tó tà á fún òun náà, títí a ó fi dé ẹbu tí wọ́n ti fún un. Níbi tí adùn bá ti yọ, a ti mọ ẹni tó bà á jẹ́.

Mo bá kọjá sí ìsọ̀ Ìyá Ẹlẹ́rọ.

"Jẹ́ n gbọ́ orin tìẹ."

"Ṣé tìẹ ò dáa ni?"

"Ewúrẹ́ wà nínú tèmi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú ata. Àṣé dátà rẹ̀ ò tó gbé orin náà. Ló bá ní kí aránṣọ kan tó wà ní ìlà tírébù tan orin lórí fóònù tirẹ̀, òun náà gbé fóònù tòun tì í, ó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Níbo? Nídìí ẹ̀rọ ata, tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ.

"Ìwọ obìnrin yìí, o lọ orin mọ́ ata!"

"Ṣebí o jẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì, inú ò run ẹ́."

Àwọn oníbásì tí mo ti ń yìn láti àná, ẹ̀rọ ata ni wọ́n.

Mo gba ọ̀dọ̀ aránṣọ lọ. Kò sí ewúrẹ́ nínú tirẹ̀, kò sí ata, ṣùgbọ́n àwọn ará inú dúrọ́ọ̀mù ṣì wà níbẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé nígbà tóun ń dáńlóòdù rẹ̀, fóònù bi òun bóyá ńlá lòun fẹ́ tàbí kékeré, òun sì mú èyí tó kéré jù kí dátà má baà tán.

"Orin náà ṣáà ni, Ìyá Elépo."

"Epo tí wọ́n bu omi là náà, epo ni."

Ó wá ku ẹbu, ìyẹn ọ̀dọ̀ ẹni tó mú orin náà wá. Ọ̀gá akọrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. "Ẹ wọ ulé," ló wí. Mo ro ẹjọ́ mi. Ó da èyí tó tóbi, tó mọ́, sórí mẹ́mọ́rì káàdì mi. Mo ki íápíìsì bọ etí. Háà! Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ bí àwọn akọrin ṣe ń mí kí wọ́n tó ya ẹnu. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn tèmi.

"Bàbá, wọn ò fi álítò sí i o."

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa."

"Mo ní kò sí! Gbogbo yín lẹ pawọ́ pọ̀ ba orin yìí jẹ́, láti orí ata dórí yín!"

Bàbá wo ọrùn mi. "Ìyá, kí ni ẹyọ kejì yẹn ń ṣe lọ́rùn yín?"

"Ti etí òsì ni. Oníbàárà ni mo fi etí yẹn ń gbọ́, sà."

"Apá òsì ni wọ́n kó àwọn álítò sí."

Mo ki í bọ etí òsì. Wọ́n wà níbẹ̀, àwọn obìnrin náà, wọ́n rọra ń jáde lábẹ́ ohùn tírébù, wọn ò kánjú, bí ẹni pé wọ́n ti ń retí mi látijọ́. Mo bẹ Bàbá, ó ní ẹ̀bẹ̀ kọ́, kí n lọ kọ́ orin. Láti ọ̀la rẹ̀, bí oníbàárà bá fẹ́ra epo, ó ní láti fọwọ́ kàn mí léjìká.

Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo kọ ọ́ dé ìdajì, mo sáré ju dùùrù lọ. Ọ̀gá dá mi dúró, ó ní kí n tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún un mú, mo sì kọ ọ́ parí.

"Ẹ lọ dúró síbi yín," ló wí.

Mo lọ. Ìyá Ẹlẹ́rọ sún díẹ̀ kí n ráyè.