Ẹsẹ̀ Bàtà Méjì Tí Mo Yọ Nínú Yàrá Alágbàfọ̀

Bíríkìlà ni mí, èmi kì í sì í ṣe bíríkìlà lásán. Bí ẹ bá wọ Lẹ́kkí Phase 1 lónìí, tí ẹ rí ògiri kan tó dúró ṣánṣán, tí kò sán, tí kò wú, ẹ béèrè ẹni tó mọ ọ́n. Bí wọn ò bá dárúkọ mi, wọ́n gbàgbé ni. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú, ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà tó kàwé títí irun fi tán lórí wọn, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n wá wo igun ilé fún wọn. Ojú mi nìkan tó téèpù.

Ní àwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ lójú, tí eruku rẹ̀ ń bá wa dé inú ọbẹ̀, Ikate ni mò ń gbé, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì nínú yàrá kan. Lọ́sàn-án, mò ń kọ́ ilé tó ní balùwẹ̀ mẹ́fà. Bí mo bá délé, ìdílé mẹ́jọ ni ó ń tò síwájú balùwẹ̀ kan, èmi náà á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mi dúró sẹ́yìn wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń lé nígbà náà: ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lẹ́yìn Ajah, níbi tó kọjá Abraham Adésànyà Estate dáadáa. Ẹbí tó ń ta ilẹ̀ náà ní kí èèyàn san ìdajì sílẹ̀, kó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ìdajì yẹn ni mò ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ pé, lánlọ́ọ̀dù á fi kún owó ilé. Bí lánlọ́ọ̀dù ò bá fi kún un, àwọn onílẹ̀ á fi kún tiwọn. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ náà ni ilẹ̀ náà ń sún sẹ́yìn.

Alágbàfọ̀ kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, òun àti ìyàwó rẹ̀. Mo fi bí ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Aṣọ àwọn ará Phase 1 ló ń fọ̀, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń gbé e lọ bá wọn. Kò ga, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń sọ ìtàn àwọn ilé tí mo ti kọ́ fún àwọn ará ilé, òun á máa rẹ́rìn-ín, á máa ká aṣọ. Mo máa ń káàánú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé, ọkùnrin tó ń fọ ṣòkòtò ọkùnrin bíi tirẹ̀, ibo ló fẹ́ dé?

Ní Sọ́ńdè kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò mẹ́rin wá sí yàrá wa. Alágbàfọ̀ tẹríba díẹ̀ kó tó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dúpẹ́. Mo ti san owó ilẹ̀."

"Ilẹ̀ wo?"

"Lẹ́yìn Ajah. Ibi tí ẹ máa ń sọ yẹn náà ni. Ẹ̀yin lẹ là mí lójú."

"Ìdajì lo san?"

"Mo san án tán."

Mo ní kí Olúwa jẹ́ kó gbé ibẹ̀ pẹ́. Mo bi í pé níbo ló ti rí owó. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Èyí ò kí ń jẹ́ kí n jẹun níta." Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé kò sí ọ̀sán kan ní sáìtì tí èmi kì í jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹran mẹ́ta, kí àwọn lébìrà lè mọ̀ pé ọ̀gá ni mí.

Nígbà tí wọ́n lọ, ìyàwó mi ní, "Ojú yín le."

"Ojú mi ò le."

"Ẹ lọ wo dígí."

Mi ò lọ. Mo mọ ohun tí mo máa rí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kì í ṣe pé mi ò fẹ́ kí ọkùnrin náà ní ilẹ̀. Mo fẹ́ kó ní in, ṣùgbọ́n kó jẹ́ lẹ́yìn mi. Èmi tí mò ń kọ́ ilé fún gbogbo ayé, kí alágbàfọ̀ ṣáájú mi dé inú ilé? Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá gbọ́ ìró áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lórí tábìlì, á dà bíi pé àyà mi ló ń lọ̀.

Nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé, ó ní kí n bá òun ta okùn ìpìlẹ̀, kí n fi okùn àti èèkàn sàmì sí ibi tí ògiri máa gbà. Mo ní mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, láti ìpìlẹ̀ dé orí ògiri. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo gbé e dìde. Bí mo ṣe ń jowú rẹ̀ tó, mi ò lè gbà kí bíríkìlà mìíràn kọ́ ilé náà, kí ògiri rẹ̀ wá wọ́ níṣojú mi.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa kò ní mọ èyí: ìpìlẹ̀ máa ń kéré lójú lórí ilẹ̀ gbalasa. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ilé tí kì í dúró sáàárín okùn, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó wá ní, "Ṣé gbogbo yàrá mi nìyí?" Àwa náà á dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí ògiri gòkè, á fẹ̀." Òótọ́ sì ni, bí ògiri bá gòkè tán, á fẹ̀ lójú. Abẹ́ òótọ́ yìí ni mo fi irọ́ mi pamọ́ sí.

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní mẹ́wàá ló fẹ́ kí yàrá ẹ̀yìn jẹ́. Mẹ́wàá ní mẹ́wàá sì ni èmi náà ti ń yà sọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́ fún yàrá ẹ̀yìn ilé tèmi, tí kò tíì sí. Bó ṣe dárúkọ rẹ̀, ó dà bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ àpò mi. Òun fúnra rẹ̀ ló di orí téèpù mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fà á dé mẹ́jọ, mo gbá èèkàn wọlẹ̀, mo ní, "Mẹ́wàá."

Ó wọ àárín okùn. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?"

"Jẹ́ kí ògiri gòkè."

"Á fẹ̀?"

"Á fẹ̀."

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn rẹ̀ dé. Bí a ti máa ń ṣe lọ́jọ́ ìpìlẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé búlọ́ọ̀kù kan lélẹ̀, wọ́n ṣàdúrà lé e. Èmi ni mò ń tẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ dè wọ́n, àmín tèmi ló sì ròkè jù.

Ó kó lọ sínú ilé náà kí wọ́n tó rẹ́ ẹ lára. Kò tó ọdún méjì sí i, lánlọ́ọ̀dù wa ní Ikate ta ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́ alájà márùn-ún síbẹ̀. Ó fún wa ní oṣù mẹ́ta ká fi kó jáde. Gbogbo ibi tí mo ti béèrè yàrá, owó ọdún méjì ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ti ejẹ́ǹtì, pẹ̀lú ti àgírímẹ́ǹtì. Owó ìdajì ilẹ̀ mi ku díẹ̀ kó pé. Bí mo bá san owó yàrá, ilẹ̀ ti lọ nìyẹn, mi ò sì ní agbára láti tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan.

Alágbàfọ̀ gbọ́ nígbà tó wá gba aṣọ ládùúgbò. Ó wọlé, kò tiẹ̀ jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, yàrá ẹ̀yìn mi ṣófo. Ẹ máa kó bọ̀. Kò sí owó kankan níbẹ̀, ẹ lọ fi tọwọ́ yín san owó ilẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ìyàwó mi wò mí bíi wèrè.

"Kí lẹ fẹ́ rò níbẹ̀?"

Kí oṣù mẹ́ta náà tó pé, a ti kó ẹrù wa dé yàrá ẹ̀yìn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì mi, èyí tí mo fi máa ń yangàn, tí káfíńtà gbẹ́ òdòdó sí ibi orí rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méje ló gùn. Kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó mi fẹ̀ ní méjì. Ẹni tó ka ìwé mẹ́rin mọ̀ pé mẹ́sàn-án kò lè wọ mẹ́jọ. A gbé e síbí, a gbé e sọ́hùn-ún, a yí bẹ́ẹ̀dì dà, ilẹ̀kùn ò ṣí mọ́. Ìyàwó mi jókòó sórí fóòmù, ó ń nu òógùn.

"Ta ni bíríkìlà tó kọ́ yàrá yìí?"

"Èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ibi tí ojú tó tó téèpù yẹn wà lọ́jọ́ náà ni mò ń béèrè."

Kọ́bọ́ọ̀dù náà dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún odidi ọdún kan àti ààbọ̀. Ẹni tó nilé ń fi ẹ̀gbẹ́ kọjá lára rẹ̀, kò ráhùn rí. Àwọn ọmọ mi ń sùn ní pálọ̀ rẹ̀. Láàárọ̀, màá gbọ́ tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé, tó ń kí àwọn aládùúgbò, tí wọ́n ń dá a lóhùn pé, "Lánlọ́ọ̀dù, ẹ káàárọ̀ o." Èmi á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi á kan ògiri. Ẹni tí a ń jowú rẹ̀, tó wá ń ṣe wá lóore, owú rẹ̀ kì í kú. Ńṣe ló máa ń sanra sí i.

Ṣùgbọ́n mi ò san owó ilé. Kí òjò ọdún náà tó dá, ìdajì ti pé. Òun ló tẹ̀ lé mi lọ san án. Mo fi owó iṣẹ́ ilé ńlá kan san ìyókù, ilẹ̀ sì di tèmi, òpópónà mẹ́ta sí tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ta okùn tèmi, ó ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Mo na orí téèpù sí i. Kò gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n, lónìí ẹ̀yin lẹ máa di orí ẹ̀ mú. Èmi ni mo fẹ́ kà á."

"O mọ̀ ọ́n kà?"

"Èmi tí mò ń ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Àwọn ṣíìtì Phase 1, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni. Nígbà tí ẹ mọ ògiri yàrá ẹ̀yìn mi tán, tí tàwọn tó kù ò tíì gòkè, mo tẹ́ ọ̀kan síbẹ̀. Ó gun ògiri."

"O mọ̀ látìgbà yẹn?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Yàrá méjì àti pálọ̀ ló ṣì kù tí ẹ máa bá mi mọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí n wá bá yín jà ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ní ẹni tó bá sùn níbẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára. Mi ò kúkú mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Ó yẹ kí ojú tì mí, ó sì tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé, ká ní èmi ni, mi ò lè pa á mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Mo jowú èyí náà mọ́ ọn.

Mo di orí téèpù mú. Ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Mẹ́jọ," ló wí.

Ó wojú mi títí, ó wá ń fà á lọ sí i.

"Mẹ́wàá."

Mo fi orí téèpù sílẹ̀, mo lọ fi ojú ara mi wò ó. Mẹ́wàá ni. Ó gbá èèkàn wọlẹ̀, ó wọ àárín okùn mi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ó mà kéré."

Mo ní, "Jẹ́ kí ògiri gòkè."