Hàkímù àti Ìbejì Inú Yàrá Ẹ̀yìn

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Hàkímù fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, mi ò sì mọ ẹni tí à bá bá wí.

Òun nìkan ló mọ ìtọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ tó ń ta igi ẹ̀gẹ́ àti irúgbìn àgbàdo fún àwọn àgbẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Ọjọ́ Iléyá pàápàá, wọ́n á pè é kúrò nídìí ẹran. Ó sú u. Ó yọ́ wá iṣẹ́ mìíràn sí Ìbàdàn, Ọlọ́run sì ṣe é, wọ́n gbà á. Malachi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà níbẹ̀, pè é pé wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́, kí ó fèsì kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí. Ṣùgbọ́n Hàkímù fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá lòun: àdírẹ́sì ímeèlì ọ́fíìsì ló fún wọn, kò fún wọn ní tirẹ̀.

Kọ̀ǹpútà méjì ló ń gba ímeèlì wọlé ní yàrá ẹ̀yìn, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá ṣubú. Màmá Salome, ọ̀gá àgbà, ló sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà tuntun fún gbígba ímeèlì jáde lọ́jọ́ Ajé, kí ìwé Ìbàdàn tó dé, ẹni tó gbọ́n ì bá kọ́kọ́ fi dán ọ̀kan wò. Ṣùgbọ́n Igbó-Ọrà la bí Hàkímù sí, ìbejì ló sì tẹ̀lé wáyé. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé a kì í ra bàtà fún Táyé kí Kẹ́hìndé máa wò. Ó fún àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó há àwọn méjèèjì lọ́fun.

Ètò náà wọlé dé àyè kan, ó dúró. Hàkímù ní kó máa lọ, kọ̀ǹpútà ní kò tíì fìdí múlẹ̀. Ó ní kó padà sí ti àtijọ́, kọ̀ǹpútà ní ohun tí kò tíì fìdí múlẹ̀ kò ṣeé yọ. Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé bì. Ìwé Ìbàdàn wà níta, kò rọ́nà wọlé. Ẹ̀rù ba Hàkímù gidigidi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Màmá Salome yọjú. "Hàkímù, àwọn àgbẹ̀ Igangan ò rí èsì wa gbà o. Kí ló ń ṣe àwọn ọmọ mi?"

"Ẹ ní sùúrù, mà. Mo ń wò ó."

"O ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ o."

Wọ́n pe ìrun Jímọ̀, ó ń gbọ́ ọ, kò lè dìde. Malachi pè é: "Ọ̀gá wa níbí ní ìwé lòun ń retí, kì í ṣe ẹnu mi. Ṣe nǹkan!" Bó bá fi ímeèlì tirẹ̀ kọ̀wé, wọ́n á mọ̀ pé ti ọ́fíìsì tó fi ń ṣe ọ̀gá ti dákú. Kí ni kó ṣe? Ilẹ̀ ṣú.

Láàárọ̀ Sátidé ló tó rántí béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà pé ta ló jókòó sí ẹnu-ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà wọlé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ètò àtijọ́, tí Hàkímù rò pé òun ti dá dúró, ló jókòó pa síbẹ̀, tó ń sọ fún gbogbo lẹ́tà pé kí wọ́n lọ kí wọ́n padà wá. Tuntun kò ríbi jókòó ni kò fi fìdí múlẹ̀. Hàkímù lé àgbà kúrò, ó ní kí tuntun parí iṣẹ́ rẹ̀. Táyé gbà. Kẹ́hìndé gbà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ!

Àwọn lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ti Ìbàdàn wà níbẹ̀: inú wa dùn láti gbà ọ́. Òmíràn láti ọ̀dọ̀ wọn tẹ̀lé e: níwọ̀n bí a kò ti gbọ́ èsì rẹ, a ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀.

Ariwo ayọ̀ sọ ní ọ́fíìsì. Màmá Salome sáré wọlé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. "Ta ni ì bá bá wa ṣe é? Hàkímù, o ò ní fi wá sílẹ̀ lọ láéláé, lórúkọ Jésù!"

Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀.

"Àmín, mà," ni Hàkímù wí.